Ìròyìn Tí Kò Ṣeé Dá Gbé Mì

Ní ìlú wa, Ara, ladani ló ń kọ́kọ́ jí wa, àkùkọ á tẹ̀lé e, Bàbá Oníwàásù á wá ṣe ìkẹta. Ètò yìí kì í yẹ̀, àfi bí òjò bá dá sí i. Tó bá ti tó nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, a ó gbọ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn á ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, kí ohùn wọn tó jáde.

Mo tẹ̀lé wọn kiri ìlú ní ìdájí ọjọ́ kan. Wọ́n fi rọ́bà so tọ́ọ̀ṣì kékeré mọ́ iwájú orí, wọ́n fi aṣọ ìnura kọ́ ọrùn, sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún pupa, tòsì búlúù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìwàásù gan-an kò ju bíńtín lọ. Ìkíni ló ń gba àkókò. "Ìyá Onímọ́ínmọ́ín, ẹ kú ìdájí o! Ṣé ẹ̀wà ti ń hó? Ọjà á tà lónìí o." "Ilé Àlùfáà, ẹ kú ìrun o!" "Ìyá Ìbejì, ṣé ara ọmọ ti balẹ̀?" Lẹ́yìn ojúlé méjì mẹ́ta, wọ́n á sọ nípa Jésù ní gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún, wọ́n á tún ṣí síwájú.

Mo bi wọ́n pé ẹni mélòó ló ti ronú pìwà dà nípasẹ̀ ariwo ìdájí yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, n ò kà á rí. Èyí tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí n ò bá jáde, ẹ̀kọ àárọ̀ kì í dùn lẹ́nu mi."

*

Ẹni tó kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ yìí ní "ìhìnrere" mọ Yorùbá. Ìhìn ni ó pè é. Kò pè é ní òfin, kò pè é ní ẹ̀kọ́. Ìhìn kì í sùn sínú ẹni tó gbọ́ ọ. Ẹ wo ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ: kò dé fìlà, bọ́tìnnì ẹ̀wù kò bára mu, ẹni tí wọn kò tíì kí ara wọn láti ọdún tó kọjá gan-an, ó ti ń di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ti sọ̀ o! Tibi tire!" Kò sẹ́ni tó rán an. Kò sì dúró bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bà jẹ́ mọ́ àwa oníwàásù lọ́wọ́ ni ìgbà tí a bá sọ ìhìn di ìbáwí. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ kì í bú àdúgbò pé kí ló dé tí wọn kò tíì máa jó.

*

Obìnrin ará Samáríà inú Ìhìnrere Jòhánù fi ìkòkò omi rẹ̀ sílẹ̀ sídìí kànga, ó sá wọ ìlú lọ ròyìn. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀ lọ́nà púpọ̀, lórí ọkọ márùn-ún tó ti fẹ́, lórí omi ìyè. N kò tíì rí ẹni tó wo ìkòkò yẹn dáadáa. Ẹni tó bá fi korobá sílẹ̀ sídìí kànga wa lóṣù Kejì, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, ohun tó rí tóbi. Ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ bá a mọ́ bó bá padà dé.

*

Ìdí ààrò gàrí. Àtíbàbà pákó ni, agbada mẹ́rin wà lórí iná, èéfín sì ti sọ òrùlé di dúdú. Ìyá kan ń yan gàrí. Ààbọ̀ igbá méjì ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi ọ̀kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi èkejì kó o sókè. Wọn kì í wò ó kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti jinná, wọ́n ń gbọ́ ọ ni: bó bá ṣì tutù, kò ní dún, bó bá ti ń gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ró ṣàà, ṣàà, bí yanrìn tí wọ́n dà sórí páànù.

Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń sẹ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún gbẹ. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Abíjàn, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́ láti oṣù mẹ́ta. Kò sunkún. Asẹ́ ló kàn ń mì ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá náà kò fa Bíbélì yọ. Wọ́n ní, "Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi lọ, ọdún mẹ́rin ni. Mo rò pé orí mi ti fẹ́ yí. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo sọ fún Jésù pé bó bá wà lóòótọ́, kó wá bá mi jókòó, nítorí ilé ti tóbi jù fún mi." Wọ́n da gàrí náà sórí ọ̀rá. "Ó wá. N ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ọ. Ó wá jókòó."

Asẹ́ dúró. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó yá, máa sẹ́ ẹ lọ," ni ìyá náà wí. "Gàrí kì í dúró de ẹni. Tó o bá fẹ́, mo máa yà pè ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi."

Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ náà lọ. Èyí tí mo rí ni ti ìyá. Láti òwúrọ̀ ni ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n, tí wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń jókòó. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn tán, orin ló wà lẹ́nu wọn títí agbada fi tutù.

*

Ẹdẹ kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1959, lẹ́ni ọdún 55. Kí ó tó di wòlíì, ẹ̀rọ ìtẹ̀nà ló ń wà fún ìjọba, irú èyí tó wúwo tó ń tẹ òkúta mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ẹ̀rọ náà dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú iṣẹ́, ó sì ní òun gbọ́ ohùn tó ń pe òun. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó gbé agogo ọwọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1930 ni ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè, Iléṣà, tí ọ̀nà gbogbo kún fún èrò tó gbé omi dání wá fún àdúrà. Ní 1932 wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Ó jáde, ó tún gbé agogo.

Ìyá ìyá mi wà lára àwọn tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Iléṣà. Ọmọdébìnrin ni wọ́n nígbà náà. Títí wọ́n fi kú, n kò gbọ́ kí wọ́n sọ ohun tí wòlíì náà wàásù lé lórí. Ìgò omi ni wọ́n máa ń ròyìn. Wọ́n ti gbàdúrà sí i, wọ́n wé e sínú gèlè, ó sì fọ́ lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ rìn kò bọkàn jẹ́. Wọ́n ń fún omi yẹn lára gèlè, wọ́n ń fi pa ojú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó wà nínú òjò. Ọwọ́ òfo ni wọ́n bá wọ Ara. Ẹnu wọn ló kún.

*

Èmi náà ti wàásù rí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, ọjọ́ ọjà ni ní Èjìgbò, àwa ọ̀dọ́ ìjọ ló yá ẹ̀rọ amúnáwá. Mo ti kọ́ ìwàásù náà sórí, orí mẹ́ta àti abala méje. Bí mo ṣe rí èrò, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo pe "Ẹ̀yin ará" ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀rọ amúnáwá wá kú, èyí tí mo kà sí àánú Ọlọ́run.

Ìyá kan tó ń ta ata bu omi fún mi nínú ife. "Mu ún, ọmọ mi." Wọ́n wá yíjú sí èrò, ata ṣì wà lọ́wọ́ wọn: "Ohun tí ọmọ yìí fẹ́ sọ ni pé ọ̀rọ̀ yín kò tíì sú Ọlọ́run. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ mi ti sú u." Wọ́n padà sídìí ata. Ẹni méjì tẹ̀lé wọn lọ síbẹ̀, wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀ títí ọjà fi tú. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ nínú ohun tó ń polówó, ohùn tirẹ̀ máa ń yàtọ̀.

*

Mo ra ẹ̀pà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ní Awo. Ìwé àṣàrò kúkúrú ni wọ́n fi pọ́n ọn. Inú kọ́kọ́ bí mi sí onítọ̀hún tó ta ìwé Ọlọ́run fún ẹlẹ́pà. Nígbà tí ọkọ̀ máa fi gbéra, awakọ̀ ti ń ka ti ìdí ẹ̀pà tirẹ̀, ó ń gbọn iyọ̀ kúrò lórí ẹsẹ Bíbélì.

*

Àwọn àgùnbánirọ̀ ẹgbẹ́ Kristẹni tí wọ́n ń pè ní NCCF máa ń wọ abúlé lọ wàásù lákòókò kan lọ́dún. "Rural Rugged" ni wọ́n ń pe ìrìnàjò náà. Wọ́n á fẹsẹ̀ rìn, wọ́n á gẹrun fún ọmọdé, wọ́n á sùn sórí ilẹ̀ kíláàsì. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọkùnrin kan tó ti ìlú Ìgbò wá fẹ́ sọ pé Jésù fẹ́ràn yín, ó sì kọ́ ọ dáadáa, àmì ohùn kan ló ṣubú lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá," ló wí, ó ń tẹnu mọ́ ọn, "Jésù fẹ́ ẹran yín!"

Ìyá àgbà náà wo ìdí igi ọsàn níbi tí wọ́n so ó mọ́. "Ewúrẹ́ mi kan ṣoṣo náà nìyẹn, ọmọ mi. Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ náà, ó ká jọ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń jáde lójú rẹ̀. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Gbogbo agbo ilé jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

*

Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, ó di Samuel Crowther. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1844, ó dúró ní Freetown, ó fi èdè Yorùbá wàásù. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n mú ìyá arúgbó kan wá bá a. Afálá, ìyá rẹ̀, ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn ni.

Èyí tí mo máa ń padà sí ni àwọn oṣù tó wà láàárín ìpàdé yẹn àti ìgbà tí Afálá ṣe ìrìbọmi. Oṣù Kejì ọdún 1848 ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ó lé ní ọdún kan. Ọkùnrin tó wà lára àwọn tó fi Bíbélì sí ẹnu Yorùbá, ilé ìyá rẹ̀ gan-an ni ó ti ní láti dúró. Ó dá mi lójú pé inú ọdún yẹn, ọbẹ̀ ni wọ́n ń sè, àìsàn ni wọ́n ń tọ́jú, ọmọ-ọmọ ni ìyá ń pọ̀n. A kò ní ìwàásù kankan tó kù láti inú ilé ìdáná yẹn, ó sì dùn mí.

*

Nínú oṣù Kejìlá, Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ máa ń gbọ́ Faransé. Àwọn ọmọ Abíjàn ti dé. Owó sẹ́fà ń yí lọ́jà, ọmọdé ń kí ìyá àgbà ní "bonjour, Màmá", màmá sì ń dáhùn pé "ẹ káàbọ̀ o". Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣíwájú Kérésì, ọ̀gbẹ́ni kan tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní ẹ̀yìn odi fẹ́ jẹ́rìí nínú ìjọ. Yorùbá tirẹ̀ ti ń gbẹ, ó ń sọ Faransé, ọmọbìnrin rẹ̀ ń ṣe ògbufọ̀. Ó sọ gbólóhùn kan, ọmọ náà sọ mẹ́rin. Bàbá bojú wẹ̀yìn: "Mi ò sọ gbogbo ìyẹn." Ọmọ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì, àmọ́ ẹ ti sọ ọ́ fún wa nílé."

*

Ọ̀rọ̀ àjò yìí ní apá kan tí a kì í fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ghana ìgbà àtijọ́, ọwọ́ àwọn oníṣòwò Yorùbá ló wà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Èrò rọ́ jáde, àga ìjọ sì ṣófo. Ìwà ìkà ni. Mo mọ agbo ilé tí wọ́n ṣì ń sọ nípa ẹrù tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè kan kò tán nínú mi: bí ìjọ bá ti wà nílùú fún ọ̀pọ̀ ọdún, báwo ni yóò ṣe ṣófo nígbà tí àlejò bá lọ? Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin, Yorùbá ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Wọ́n pín ayọ̀ náà yí agbo ká bí ẹran ìyàwó, àwo kò sì kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìwọ̀nba ọmọ Ghana tó wà láàárín wọn ni wọ́n di ohun tó kù mú.

*

Nínú ìpàdé ọlọ́dọọdún, a máa ń fọwọ́ sí ìwé: ẹni mélòó lo jẹ́rìí fún? Ìyá kan ní ẹnì kan ni.

"Ẹnì kan láti oṣù Kìn-ín-ní?"

"Ọmọ mi ọkùnrin ni. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bá a sọ ọ́."

Akọ̀wé kọ 1. Kò sí àyè tí wọ́n lè kọ mọ́kànlá sí nínú ìwé náà.

*

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jẹ́ Àlàájì. Ọdún Kérésì, mo máa ń gbé ìrẹsì lọ fún wọn. Iléyá, apá àgbò máa ń wá sílé mi. Ní ọdún kan, ẹ̀mí gbé mi pé ìrẹsì nìkan kò tó, kí n sọ̀rọ̀ ìgbàlà fún wọn. Mo sọ ọ́. Wọ́n fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀ lórí ẹní, wọ́n gbọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò já mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Mo dákẹ́.

"Ó ti parí?"

"Ó parí, sà."

"Ó dára. Jókòó dáadáa, kí èmi náà sọ tèmi fún ọ."

Ó gbà ju wákàtí kan lọ. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń sunkún ní Mẹ́kà, wọ́n sọ ohun tí wọ́n bẹ Ọlọ́run fún lórí ọmọ wọn tó kú. N kò mọ̀ ọ́n rí, èmi tí mo ti ń jẹ ẹran àgbò wọn láti kékeré. Kò sẹ́ni tó yí padà nínú wa lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ tí mo ti wà láti ọjọ́ ìbí, n kò tíì rí ẹni tó gbọ́ ohun tí mo gbà gbọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Mo rin ilé lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ̀ ẹrù. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ líle, wọ́n á ní kí wọ́n pe "pásítọ̀ mi" wá, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe tiwọn, wọ́n á ní kí n ṣe tèmi. Mi ò ṣe pásítọ̀. Mi ò já wọn ní koro.

*

Ọjọ́ kẹta rèé tí a kò gbọ́ Bàbá Oníwàásù. Ladani pè, àkùkọ kọ, àdúgbò sì pa rọ́rọ́. Mo ti máa ń fi ìrọ̀rí bo etí tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo wá jókòó sórí ibùsùn, tí mò ń dẹ etí.

Ní nǹkan bí aago méje, ọmọ Àlùfáà kan ilẹ̀kùn. "Tíṣà, ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá mi ní kí n bèèrè bàbá tó máa ń ké."

Mo lọ wò wọ́n. Ìyá Onímọ́ínmọ́ín ti kọ́kọ́ débẹ̀. Mọ́ínmọ́ín ewé méjì wà lórí àwo, ó ṣì ń gbóná. Òtútù ló mú Bàbá lọ́fun, ohùn kò jáde rárá. Wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà, wọ́n to bátìrì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sójú fèrèsé kí oòrùn lè jí wọn díẹ̀.

Mo jíṣẹ́ Àlùfáà fún wọn. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìsí ohùn, títí tí ikọ́ fi dá sí i. Wọ́n na ọwọ́ sí fèrèsé, wọ́n kó bátìrì náà padà sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lù ú pẹ́pẹ́, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n nawọ́ sí tọ́ọ̀ṣì tó wà lára ìṣó.

"Bàbá, ẹ dákun. Kí ni kí n wá sọ?"

Wọ́n ní kí n sún mọ́ wọn. Mo tẹ̀ etí sí ẹnu wọn.

"Kí wọn ná."